Ohun Tí Kò Wọ Ìwé Iṣẹ́ Abẹ

Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ abẹ, kí oníṣẹ́ abẹ tó jókòó mu omi, ìwé kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ. Ìwé náà kì í gùn. Orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣe é, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó dànù, ẹni tó kùn ún lóorun, iye òwú tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ á ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ju bó ṣe lè kà lọ. Ohun tó jọ mí lójú nípa àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ni pé a sábà máa ń rí nínú wọn ẹni tó tún ní ibòmíràn tó ń kọ nǹkan sí: ewì, ìtàn, àwòrán. Mo ti wá gbà pé ohun tí kò ráyè nínú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kó lọ sínú ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan lára àwọn tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n gbé wá láti oko kòkó kan lẹ́yìn Ifẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó ń tọ̀ sára, ó ń pe ọmọ kan ní orúkọ òmíràn. "Dókítà, bàbá wa ò dá wa mọ̀ mọ́ o." Ilé ti pín. Àwọn kan ní rọpárọsẹ̀ ni, àwọn kan ní ogbó ló dé, ẹnìkan á sì wà ní kọ̀rọ̀ tó ń sọ pé aráyé ló wà nídìí ẹ̀. Bí dókítà bá béèrè bóyá bàbá ṣubú, wọ́n á ní rárá. Bó bá yí ìbéèrè náà padà, pé ṣé bàbá ò forí gbá nǹkan kan láti bí oṣù méjì, ọmọbìnrin tó ń se oúnjẹ fún un ló máa rántí pé bàbá forí gbá àtẹ́rígbà ilé ìdáná. Ó ní "yéè" lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀. Ọpọlọ àgbàlagbà ti súnkì díẹ̀ kúrò lára agbárí. Àwọn iṣan tín-ín-rín tó so ojú ọpọlọ mọ́ awọ líle abẹ́ agbárí á wá nà tantan bí okùn ìsáṣọ. Gbígbá díẹ̀ tó láti já ọ̀kan. Nítorí pé iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ni, kì í tú yàà, ńṣe ló ń sun. Ẹ̀jẹ̀ náà á kọ́kọ́ dì. Tó bá fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ti yọ́ padà, á dúdú bí ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á hù yí i ká, awọ náà fúnra rẹ̀ á tún máa sun ẹ̀jẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wàhálà fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé àtẹ́rígbà. Bí bàbá bá ń lo ásípírìn, tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbígbá tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ tó.

Kí síkáànì tó dé, ọwọ́ bàbá ti sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú, ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gba owó. Ẹ dijú." Kí dókítà tó ka ení dé ẹ̀wá, ọwọ́ òsì ti ń rọ̀ wálẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń yí sínú, bàbá ò sì mọ̀. Apá òsì ló rọ, nítorí náà apá ọ̀tún orí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Síkáànì á fi í hàn bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbárí nínú.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í sábà pẹ́. Bí ara bàbá kò bá lè gba oorun, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ nìkan. Wọ́n á sàmì sí ibi méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, lórí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti nípọn. Wọ́n á la awọ orí ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3, wọ́n á ha ojú egungun mọ́. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ oníná, ohun tí wọ́n fi ń lu agbárí kò yàtọ̀ sí èyí tí káfíńtà àtijọ́ ń fi ọwọ́ yí. Ẹnu méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ṣóńṣó, òun ni wọ́n fi ń wá ìsàlẹ̀ egungun. Bó bá ku díẹ̀ kó já sódì kejì, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í há, á máa mì lọ́wọ́. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tó bá fi agbára tì í lẹ́yìn ìgbà yẹn, inú ọpọlọ ni irin ń bọ́ sí. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ẹnu kejì tó rí roboto fẹ ihò náà. Bí egungun bá ń sun ẹ̀jẹ̀, ìda ni wọ́n ń fi dí i.

Ìda oyin ni o, tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ nǹkan díẹ̀. Victor Horsley, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Lọ́ńdọ̀nù, ló jẹ́ kí lílò rẹ̀ di mímọ̀ ní 1892. Ṣùgbọ́n ìda àti orí ti mọra ní Ifẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìda ni àwọn asúdẹ fi ń mọ orí, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda dànù, kí idẹ tó wọlé gba ipò rẹ̀. Àwọn orí tí wọ́n kàn ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ ilé, ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà ṣe wọ́n. Ẹ lọ wo èyíkéyìí nínú irú orí bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ wo etí rẹ̀, ẹ wo ìpéǹpéjú. Ẹni tó mọ ìyẹn kò fojú dí orí ènìyàn.

Ká padà sí ihò wa. Awọ líle á yọjú, funfun bí ìkarahun ẹyin. Wọ́n á fi iná jó o díẹ̀ kó má bàa ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á là á ní àgbélébùú. Ọ́ìlì dúdú náà á tú jáde, nígbà mìíràn á ta sí aṣọ ẹni tó dúró. Omi iyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ni wọ́n á fi fọ ibẹ̀, láti ihò kan jáde ní èkejì, títí yóò fi mọ́ gaara. Ihò iwájú ni wọ́n máa ń gbé sókè jù, tí wọ́n á sì dí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí omi bá ti kún ibẹ̀ dé ẹnu, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá há sínú orí lè mú kí bàbá máa ṣe rádaràda lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó lọ déédéé. Kí wọ́n tó rán an, wọ́n á fi rọ́bà kékeré sílẹ̀ níbẹ̀, tó ń ṣàn sínú àpò fún ọjọ́ méjì. Rọ́bà yìí kì í ṣe àṣejù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Cambridge, tó jáde ní 2009, fi hàn pé láìsí rọ́bà, nǹkan bí ènìyàn 24 nínú 100 ló ń padà wá fún iṣẹ́ abẹ kejì. Pẹ̀lú rọ́bà, nǹkan bí 9.

Àpò náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ orí ló gbọ́dọ̀ wà. Mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ gbálẹ̀, tó wá gbé e kọ́ sókè, ti dá omi inú rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti fà á. Mi ò mọ iye ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan lè sọ ọ́ lóòjọ́ kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ìwé iṣẹ́ abẹ gbogbo èyí: ihò méjì, apá ọ̀tún, omi dúdú pẹ̀lú agbára, ó mọ́ lẹ́yìn fífọ̀, rọ́bà wà níbẹ̀, òwú pé. Kò sí àtẹ́rígbà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀.

Ti ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà kì í dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kadà kọ lu ọkọ̀, ẹni ẹ̀yìn kò dé nǹkan kan sórí, ẹ̀bátí gbá ọ̀dà. Egungun ẹ̀bátí fẹ́lẹ́, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá já, ẹ̀jẹ̀ á máa fi ipá ya awọ líle kúrò lára egungun. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ọmọkùnrin náà lè dìde, kó gbọn ara nù, kó béèrè fóònù rẹ̀, kí wọ́n ní "ọpẹ́ o, kò ṣe é ní nǹkan kan." Wákàtí díẹ̀ sí i, ó ń bì, oorun ń gbé e lọ, ọmọlójú apá ibi tó gbá fẹ̀, kò sì súnkì mọ́ bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí ẹni tó forí gbá ṣe jí sáyé tó, tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní Glasgow ní 1974, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé: ojú lílà gba 4, ọ̀rọ̀ sísọ gba 5, ara mímì gba 6. Ẹni tí ara rẹ̀ pé gba 15. Òkú pàápàá gba 3, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ kì í yé fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Láti 8 wálẹ̀, ọ̀fun kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ mọ́, wọ́n á fi rọ́bà sí i kó lè mí.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú abẹ, nǹkan méjì tó ń ba ọpọlọ tó ti fara pa jẹ́ ni àìrí afẹ́fẹ́ mí àti kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Ojú ọ̀nà ni méjèèjì ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣàánú á da omi sí i lẹ́nu, omi á gba ọ̀nà èémí lọ. Wọ́n á gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, ọrùn rẹ̀ á máa ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọrùn náà lè ti ṣẹ́. Kí wọ́n tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà lójú kan náà, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan mu. Ní ọsibítù, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló kàn, lẹ́yìn náà dírípù, kí wọ́n gbé ìgbèrí ga ní bíi dígírì 30. Oògùn máńítọ́ọ̀lù ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ, ó ń ra àkókò, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ló ń fi í dà jáde. Bí ìfúnpá bá ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè tún já a sí i.

Bó bá di pé kí wọ́n ṣí agbárí, ihò bíi mẹ́rin ni wọ́n ń lù, wọ́n á fi wáyà eléyín so ihò kan mọ́ èkejì láti abẹ́, wọ́n á fà á síwá sẹ́yìn títí egungun yóò fi gé. Wáyà náà ń jẹ́ orúkọ Gigli, dókítà agbẹ̀bí ará Ítálì tó ṣe é láti fi gé egungun ìbàdí fún obìnrin tí ọmọ há sí lára. Ohun èlò àwọn agbẹ̀bí ni a fi ń ṣí orí. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí oníṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn kiri.

Ti àwọn ọmọdé ni mo rò pé ó ń dúró sí àwọn àgbà wọ̀nyí lára jù. Omi kan wà nínú ọpọlọ, ara ń ṣe é ní bíi ìdajì lítà lójoojúmọ́, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà bá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí lára ọmọ ọwọ́, tí egungun orí rẹ̀ kò tíì so pọ̀, orí á máa tóbi. Àwùjẹ̀, ibi rírọ̀ tó ń mí lókè orí, á le, ojú á máa wo ìsàlẹ̀ bí oòrùn tó ń wọ̀. Téèpù aránṣọ lásán ti tó láti rí i kí ó tó bàjẹ́. Orí ọmọ tuntun máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 35, ó ń sún mọ́ 46 bó bá pé ọmọ ọdún kan. Agbègbè Iléṣà yẹ kó mọ irú ìṣirò yìí. Ọsibítù Wesley Guild ni Dókítà David Morley wà ní àwọn ọdún 1950, tó fi ń wọn àwọn ọmọ Imẹ̀sí-Ilé, tí káàdì ìwọ̀n ìdàgbàsókè rẹ̀ fi kárí ayé. Ìlà orí náà ń fẹ́ káàdì tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni rọ́bà tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ńtì. Wọ́n á fi oògùn nu ọmọ láti orí dé ikùn. Wọ́n á lu ihò kékeré lókè ẹ̀yìn etí, wọ́n á ti ẹnu kan rọ́bà wọ inú ihò omi ọpọlọ, wọ́n á fi irin gígùn gba abẹ́ awọ ọrùn àti àyà fa ìyókù lọ sí ikùn. Kí wọ́n tó fi ẹnu ìsàlẹ̀ sínú ikùn, wọ́n gbọ́dọ̀ rí omi tó ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá gbójú fo èyí yóò tún tú u. Ọ̀tá ṣọ́ńtì ni kòkòrò tó ń gbé lára awọ ènìyàn, kì í ṣe èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ń wọlé àkọ́kọ́ láàárọ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan rọ́bà, tí àwọn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ á sì jáde. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ewu náà pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè dí, ó lè já, ọmọ sì lè ga ju rọ́bà lọ. Owó pọ́ọ́kú kì í ṣe ìtìjú níbí: ìwádìí tí Benjamin Warf ṣe ní Uganda, tó jáde ní 2005, kò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín ṣọ́ńtì Íńdíà olówó pọ́ọ́kú àti ti ilẹ̀ òkèèrè tó gbówó lórí fíìfíì.

Àwọn ọmọ tí eegun ẹ̀yìn wọn kò pa dé náà sábà máa ń ní omi inú orí yìí. Ibẹ̀ ni fọ́líìkì ásíìdì, fítámì tó ń dín ewu yẹn kù, ti wọ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni iṣẹ́ ti parí lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kílíníìkì aboyún ti pẹ́ jù. Kó tó lóyún, ó kéré tán oṣù kan, ni kó ti máa lo máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, kó sì ti ẹnu dókítà gbà á.

Ọ̀nà tó dé ibi tí ènìyàn ti ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀ kò kúrú: ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan ti háúsìjọ́ọ̀bù, ọdún kan ti agùnbánirọ̀, ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ àwọn ọ̀gá, pẹ̀lú ìdánwò tó ń dá àwọn akíkanjú padà sílé. Kí ó tó di ọ̀gá, irun ti ń funfun lẹ́bàá etí.

Ọ̀gá àwọn ọ̀gá, Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó gboyè dókítà ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ní 1954, ó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó dé Ìbàdàn ní 1962. Ó lè dúró sí Amẹ́ríkà. Ìtọ̀ ṣúgà ló dá a dúró ní 1974, ẹni ọdún 47 péré. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń kọ ewì, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde. Àwọn kan a máa sọ ọ́ bí ìyàlẹ́nu, pé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tún ń kéwì. Mi ò rí ìyàlẹ́nu kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ìyá ọmọ lálẹ́ pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ, tó sì tún ní láti kọ "òwú pé" sínú ìwé, ibo ni kó kó ìyókù sí?

Adelola Adeloye, tó bá a ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìtàn ni tirẹ̀. Ó wá àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa kàn nínú ìwé àtijọ́. Àwọn ènìyàn tó ń wá yìí náà kò dúró sórí iṣẹ́ kan. Obadiah Johnson, tóun náà jẹ́ dókítà, ló tún ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ kọ láti inú àjákù ìwé lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oguntola Sapara, tí ìran bàbá rẹ̀ ti Iléṣà wá, wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀nná kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń tan àrùn náà kálẹ̀.

Orúkọ Adeloye àti Odeku so pọ̀ lórí nǹkan kan tí ẹni tó bá rí ọmọ tuntun lè bá pàdé. Ní 1971, wọ́n ṣàpèjúwe kókó rírọ̀ tó máa ń hù lórí àwùjẹ̀ gan-an. Ìyá á rò pé ọpọlọ ọmọ ló ń yọ jáde. Dókítà tí kò mọ̀ ọ́n á rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n awọ díẹ̀ ló há sábẹ́ awọ nígbà tí oyún ń dàgbà, omi tó mọ́ gaara ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní ọ̀nà kankan bá ọpọlọ tan. Bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, á tàn bí gílóòbù. Wọ́n á yọ ọ́, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹni tó ti fi ojú òpìtàn wo nǹkan ló ń béèrè lọ́wọ́ kókó kan pé, níbo lo ti wá?

Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà tí gbogbo wọn jẹ ní gbèsè, àwòrán ló ń yà. Bó bá ti tíátà jáde, á jókòó ya ohun tó rí sínú ìwé iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó fi agídí fẹ ààyè inú ìwé yẹn.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ìwé. Bí ènìyàn bá di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ àádọ́rin ọdún ni òfin ní kó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì fẹ́ jókòó. Oko kòkó dára fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gígé ẹ̀ka tó pọ̀ jù jẹ́ iṣẹ́ mímọ ohun tí a kò ní gé. Ayò ọlọ́pọ́n náà dára: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin. Kò sí ibi tó dára tó ìdí ọpọ́n láti máa wo ìka ẹlòmíràn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kó ọmọ ayò jọ wẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá ń jẹ́ kó bọ́ lónìí, tó ní àpárá ni, àgbà oníṣẹ́ abẹ kò ní bá a rẹ́rìn-ín. Á béèrè bóyá ó forí gbá nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti yọ rọ́bà lórí bàbá oko kòkó wa. Dókítà kékeré á tún dé pẹ̀lú fáìlì. "Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú. Ẹ dijú." Ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Ọwọ́ òsì dúró síbi tó wà. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n bàbá kò tíì ká ọwọ́ wálẹ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ ń ro mí o. Owó ọjọ́sí náà dà?"